Èèrí Ògì Kì Í Ṣe Ìdọ̀tí: Ìtọ́sọ́nà Lórí Bíbọ́ Àwọn Kòkòrò Àìfojúrí Inú Ìfun Wa Nílé Èkìtì

Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ewúrẹ́ ló máa ń jogún èèrí nígbàkigbà tí ìyá mi àgbà bá sẹ́ ògì tán. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, nítorí gbogbo wa ló mọ̀ pé èèrí a máa há ọ̀fun, àti pé ẹ̀kọ tó bá dán ni à ń pè ní ẹ̀kọ. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun ńlá ènìyàn ló tó yé mi pé ìpín àwọn alábàágbé kan tí a ní nínú ara ni à ń gbé fún ewúrẹ́, àwọn alábàágbé tí a kò fojú rí, tí wọn kì í sì í pariwo nígbà tí ebi bá ń pa wọ́n. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó ń dáná nínú ilé, fún ìyá tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, àti fún ẹni tó máa ń sáré lọ ra kápúsù bí inú bá ti ń rú u.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn alábàágbé náà. Lọ́dún 1683, Antonie van Leeuwenhoek, ọkùnrin kan tó ti ta aṣọ rí ní ìlú Delft lórílẹ̀-èdè Netherlands, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ha ohun funfun tó lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ awò, ó sì rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń rìn káàkiri. Irú wọn wà lára awọ wa, nínú ihò imú, ní ojú ara obìnrin, àti ní pàtàkì jù lọ nínú ìfun ńlá. Bakitéríà ló pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì àti ìwúkàrà náà wà láàárín wọn. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìwé ti ń sọ pé wọ́n fi ìlọ́po 10 ju sẹ́ẹ̀lì ara wa lọ. Ìṣirò tí àwọn onímọ̀ tún ṣe lọ́dún 2016 fi hàn pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, pé bakitéríà tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 38 nínú ọkùnrin tó wọn kìlógíráàmù 70, tí sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ sì tó nǹkan bíi tírílíọ̀nù 30. Tí a bá kó gbogbo bakitéríà náà jọ sórí òṣùwọ̀n, nǹkan bíi gíráàmù 200 ni, ìwọ̀n ọsàn ńlá kan.

Àwọn àgbà wa kò ní awò, síbẹ̀ wọ́n ní èrò kan tó sún mọ́ èyí. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ a máa sọ pé aràn wà nínú gbogbo ènìyàn, pé ó ń bá a lọ oúnjẹ, àti pé ìgbà tó bá pọ̀ kọjá ààyè rẹ̀ tàbí tó ṣí kúrò níbùjókòó rẹ̀ ló ń di àrùn. N kò sọ pé aràn tí à ń lo oògùn lé jáde nínú ọmọdé jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú bakitéríà. Aràn yẹn ń jẹ ọmọ run, ó sì yẹ kó jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibùjókòó yẹn jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Bakitéríà tó ń jẹ́ Escherichia coli ń gbé nínú ìfun wa láìda ẹnikẹ́ni láàmú, ṣùgbọ́n bí ó bá ráyè dé ọ̀nà ìtọ̀, òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú àrùn tó ń mú kí ìtọ̀ máa ta ènìyàn.

Iṣẹ́ tí àwọn tó wà níbùjókòó wọn ń ṣe kò kéré. Bí a bá jẹun, ìfun kékeré a gba ṣúgà, ọ̀rá àti amúaradàgbà inú oúnjẹ. Ohun tó ṣẹ́kù ni fáíbà, ìyẹn apá líle lára hóró, ewé, èso àti iṣan inú iṣu tí ara wa kò ní ohun èlò láti fi dà. Inú ìfun ńlá ni fáíbà yìí ń bọ́ sí, níbi tí àwọn bakitéríà ti ń jẹ ẹ́, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di àwọn ásíìdì kéékèèké mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, butyrate, ni oúnjẹ gbòógì fún àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú ìfun ńlá. Láìsí i, ògiri ìfun kò ní lè dúró dáadáa. Wọ́n tún ń ṣe fítámìnì K àti díẹ̀ nínú ìdílé fítámìnì B, wọ́n ń kọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì ajà-fún-ara láti dá ọ̀tá mọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń gba gbogbo àyè débi pé kòkòrò burúkú tó bá wọlé kò ní rí ibi jókòó sí. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n fi èkúté ṣe lọ́dún 2016, nígbà tí wọ́n yọ fáíbà kúrò nínú oúnjẹ àwọn èkúté náà, àwọn bakitéríà kan yíjú sí ìbòrí yíyọ̀ tó bo ògiri ìfun, wọ́n sì ń jẹ ẹ́, ọ̀nà sì là fún kòkòrò tó ń fa àrùn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ kọ ohun tí ẹ ń jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ 7

Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ má sì yí oúnjẹ yín padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ti ara igi, ewé, hóró tàbí gbòǹgbò wá tí ẹ fi sẹ́nu, kí ẹ sì kọ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹ tilẹ̀ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Iṣu jẹ́ ọ̀kan, bóyá iyán ni ẹ fi ṣe tàbí àmàlà tàbí àsáró. Epo pupa àti ṣúgà kò sí nínú ìṣirò, nítorí kò sí fáíbà nínú wọn. Ẹ kọ oògùn tí ẹ bá lò pẹ̀lú, títí kan àgbo, kí ẹ sì kọ bí ìgbẹ́ yín ṣe rí, bó ti wù kó ti wá lójú tó. A ó tún padà lo ìwé yìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mú kí iye irú oúnjẹ tó ti ara ewé àti hóró wá pọ̀ sí i

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ ka irú oúnjẹ ni pé irú bakitéríà kọ̀ọ̀kan ló ní irú fáíbà tó lè jẹ. Èyí tó ń jẹ fáíbà erèé lè má lè jẹ ti àlùbọ́sà. Nínú ìwádìí ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, tí àwọn tó ju 10,000 kópa nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, àwọn tó ń jẹ ju irú ewé, èso àti hóró 30 lọ lọ́sẹ̀ ní onírúurú bakitéríà nínú ìfun ju àwọn tí tiwọn kò ju 10 lọ. Ìwádìí yẹn kò fi dandan lé e pé oúnjẹ nìkan ló fà á, wọn kò sì ṣe é ní Èkìtì, ṣùgbọ́n 30 jẹ́ iye tó rọrùn láti fi ṣe àfojúsùn, ọjà wa sì lè fún wa ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo abọ́ iyán kan ṣoṣo. Iṣu jẹ́ 1, ẹ̀gúsí jẹ́ 2, tẹ̀tẹ̀ jẹ́ 3, ata rodo jẹ́ 4, tàtàṣé jẹ́ 5, tòmátò jẹ́ 6, àlùbọ́sà jẹ́ 7, irú tó ti ara igi igbá wá sì jẹ́ 8. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ sọ fún ọmọ Èkìtì pé kó fi iyán sílẹ̀ nítorí ìlera lè máa bá tirẹ̀ lọ. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìṣòro wa ni pé a lè jẹ iyán àti ẹ̀gúsí ẹlẹ́wé tẹ̀tẹ̀ yìí kan náà ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, iye náà kò sì ní kúrò ní 8. Nítorí náà, ọbẹ̀ ni kí ẹ máa pààrọ̀. Bí ẹ bá dé Ọjà Ọba ní Adó, ẹ má ra ewé irú kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra: bó bá jẹ́ ṣọkọ lónìí, kó jẹ́ ewúro lọ́jọ́ mìíràn, kó jẹ́ ebòlò, gbúre, wọ́rọ́wọ́, amúnútutù tàbí yánrin lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ lè po irú ewé mẹ́ta pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ rírò kan, ó sì máa ń dùn.

Àwọn erèé ni mo fẹ́ kí ẹ fún láyè jù lọ, nítorí fáíbà inú wọn pọ̀, owó wọn kò sì tó ti ẹran. Yàtọ̀ sí ẹ̀wà funfun àti pupa, òtílí wà, awùjẹ wà, àwọn ọ̀dọ́ wa kan kò sì tíì tọ́ òtílí wò rí nítorí pé ó pẹ́ kó tó jiná. Ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ tó gbé e kaná, ìdáná yóò sì dín kù. Àgbàdo, ọkà bàbà, kókò, kúkúndùnkún, àgbagbà, ẹ̀pà, àsálà, ìbẹ́pẹ, ọsàn, àgbálùmọ̀, ilá àti ìgbá tún wà nílẹ̀. Ìrẹsì tí wọ́n gbìn ní Ìgbẹ̀mọ-Èkìtì, bí wọn kò bá bó o jù, ní fáíbà ju ìrẹsì funfun láú inú àpò lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fò láti abọ́ ẹ̀wà kan lọ́sẹ̀ sí abọ́ méje. Gáàsì ni àwọn bakitéríà ń tú jáde bí wọ́n bá ń jẹun, bí oúnjẹ bá sì ya lù wọ́n lójijì, inú yóò wú, ẹ ó sì máa yẹra fún àwùjọ. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ṣe é díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa.

Agbára oúnjẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ hàn. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti pààrọ̀ oúnjẹ fún àwọn ènìyàn dúdú 20 ní Amẹ́ríkà àti àwọn ará abúlé 20 ní Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí fáíbà wọn jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 14 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ 55, ti àwọn ará abúlé sì wálẹ̀ láti 66 sí 12. Láàárín ọjọ́ 14 yẹn, butyrate lọ sókè nínú ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn àmì tó jọ mọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá sì lọ sílẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará abúlé. Mo máa ń rántí wọn nígbà tí mo bá rí ọmọ tó ń fi núdùùsù àti ohun mímu inú ike jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ dá èèrí padà sínú ìkòkò

Èèrí ni apá líle àgbàdo tí fáíbà wà nínú rẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni mo sì mọ̀ láti fi dá a padà. Ìkíní ni pé kí ẹ rẹ àgbàdo fún ọjọ́ 2 sí 3, kí ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó kúnná, kí ẹ má sì sẹ́ ẹ rárá. Ẹ̀kọ rẹ̀ yóò ki díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní mọ́ tó tàtijọ́. Ìkejì wà fún ẹni tí kò lè gba èyí mọ́ra: kí ó fi asẹ́ tó fẹjú díẹ̀ sẹ́ ẹ dípò aṣọ, kí èèrí tó kéré jù lè kọjá. Ìkẹta ni kí a sẹ́ ẹ bí a ti ń sẹ́ ẹ, kí a sá èèrí sí oòrùn kó gbẹ kíákíá kó má bàa bu, kí a tún un lọ̀, kí a sì máa bu ṣíbí ọbẹ̀ kan tàbí méjì sínú èlùbọ́ tàbí ìyẹ̀fun tí a fẹ́ rò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ewúrẹ́, ẹ kò ní ṣàìrí nǹkan mìíràn fún wọn jẹ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ awọ ẹ̀wà rí. A máa ń bó o kúrò kí mọ́ínmọ́ín àti àkàrà lè funfun. Bí ẹ bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín fún àlejò, ẹ bó o, ṣùgbọ́n fún àwọn ará ilé, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí iṣu sísè, ìrẹsì tàbí ẹ̀wà bá tutù lẹ́yìn tó jiná, apá kan nínú sítáàṣì rẹ̀ a tún ara rẹ̀ tò lọ́nà tí ìfun kékeré kò fi ní lè dà á, yóò sì di oúnjẹ fún àwọn ti ìfun ńlá. Bí a bá tún un gbé kaná, díẹ̀ nínú rẹ̀ kò ní yí padà. Ṣùgbọ́n mo ní láti kìlọ̀. Inú fíríìjì ni ó yẹ kó ti tutù, láàárín wákàtí kan sí méjì tí ó kúrò lórí iná. Ìrẹsì tó bá sùn lórí tábìlì mọ́jú lè bí kòkòrò tó ń fa èébì, gbígbé e kaná kò sì ní pa májèlé tí ó ti tú sínú rẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná kì í bá dúró, ẹ se ìwọ̀n tí ẹ lè jẹ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ ohun tí oúnjẹ kíkan lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Bakitéríà ló ń mú kí ògì kan. Lactobacillus plantarum àti Lactobacillus fermentum wà lára àwọn tó máa ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ásíìdì tí wọ́n ń ṣe ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ kòkòrò burúkú lè gbé inú ògì. Ṣùgbọ́n bí a bá ti da omi gbígbóná sí i tí ó di ẹ̀kọ, àwọn bakitéríà náà ti kú. Àǹfààní tó kù ni ti fáíbà àti ti ohun tí wọ́n ti ṣe sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kú. Omidùn tí a kò sè ni wọ́n ṣì wà láàyè nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń mu ún fún inú rírú. Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, kí ó jẹ́ ti ògì tí ẹ̀yin fúnra yín fi omi mímọ́ ṣe nínú ìkòkò mímọ́. Omidùn ẹni tí ẹ kò mọ orísun omi rẹ̀ kò yẹ fún mímu, kò sì yẹ fún ọmọ ọwọ́ tàbí ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára rárá.

Irú yàtọ̀ díẹ̀, nítorí Bacillus subtilis tó ń sọ ọ́ di irú lè dira rẹ̀ sínú èèpo tó le débi pé ooru ọbẹ̀ kì í pa gbogbo rẹ̀. Ẹ fi í sí ọbẹ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kó jiná, òórùn rẹ̀ pàápàá yóò dára sí i. Ní ti wàrà àti mílíìkì kíkan tí àwọn Fúlàní ń tà, ẹ rí i dájú pé wọ́n ti se mílíìkì náà kí wọ́n tó mú un kan, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti màlúù lè gba inú mílíìkì tútù wọlé. Yọ́gọ́ọ̀tì inú ike náà dára bí ó bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kòkòrò rẹ̀ wà láàyè, tí ṣúgà inú rẹ̀ kò sì pọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dá oògùn apakòkòrò sí fún ọjọ́ tí a nílò rẹ̀

Ibí ni mo ti ṣẹ̀ jù lọ. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga ní Adó, fílájìlì, ọ̀kan lára àwọn oògùn apakòkòrò (antibiotics) tó ń pa bakitéríà, kì í wọ́n lápò mi. Bí inú bá ti ń run mí, mo ti gbé méjì mì, èmi àti ẹni tó ń tà á fún mi kò sì mọ ohun tí à ń tọ́jú. Ní ọdún kan, mo lo irú kápúsù mẹ́ta láàárín oṣù méjì, inú mi kò sì gbádùn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Oògùn apakòkòrò kì í yan ẹni tí yóò pa. Ó ń wọ inú ìfun, ó sì ń gé ẹni rere àti ẹni burúkú lulẹ̀ pọ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2018, wọ́n fún àwọn ọkùnrin 12 tí ara wọn le ní irú oògùn apakòkòrò mẹ́ta fún ọjọ́ 4. Ọ̀pọ̀ bakitéríà wọn padà sípò láàárín oṣù kan àtààbọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 180, irú 9 tí gbogbo wọn ní tẹ́lẹ̀ ni wọn kò tíì rí nínú ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà mìíràn, àyè tó ṣófo yìí ni Clostridioides difficile ń gbà, kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó lè gba ẹ̀mí. Àìsàn yìí ni ó fi iye àwọn alábàágbé wa hàn jù lọ: ní Netherlands, nínú iṣẹ́ tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2013, wọ́n da omi ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le, tí wọ́n ti yẹ̀ wò fínnífínní, sínú ìfun àwọn aláìsàn 16 tí oògùn kò ràn mọ́, 13 rí ìwòsàn lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí 4 péré nínú 13 tó lo oògùn vancomycin nìkan rí i. Ilé ìwòsàn nìkan ni wọ́n ti lè ṣe irú èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Bí ó bá jẹ́ ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ tó bá a rìn, fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń fà á, oògùn apakòkòrò kò sì ràn án. Bí ó bá jẹ́ ibà, ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ibà ẹ̀fọn, nítorí kì í ṣe bakitéríà ló ń fa ìyẹn náà. Bí wọ́n bá sọ pé tàífọ́ọ̀dù ni, ẹ bi wọ́n léèrè àyẹ̀wò tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò Widal ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti fi dá a mọ̀. Ẹ má ra kápúsù ní ẹyọ méjì tàbí mẹ́rin, ẹ má fi èyí tó ṣẹ́kù lára ẹnìkan tọ́jú ẹlòmíràn, ẹ má sì tú u sórí egbò. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá yẹ̀ yín wò tó sì kọ ọ́ fún yín, ẹ lò ó bó ti wí, ẹ má torí ohun tí mo kọ yìí fi í sílẹ̀: àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa ènìyàn, oògùn wọ̀nyí sì ni ìgbàlà.

Ọgbẹ́ inú jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára fún ìgbà tó yẹ kí a lò ó. Ebi àti ata ni à ń dá lẹ́bi nílé wa, ṣùgbọ́n bakitéríà tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Barry Marshall, dókítà kan ní Ọsirélíà, mu kòkòrò náà lọ́dún 1984 láti fi hàn pé òótọ́ ni, inú rẹ̀ sì wú, ó ń bì. Òun àti Robin Warren gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005. Àyẹ̀wò wà fún un, oògùn rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìtọ́jú dókítà.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tó ń fọ inú ńkọ́? Ìgbẹ́ ọ̀rìn tó ń fà ń ṣan omi, iyọ̀ àti àwọn alábàágbé wa lọ pọ̀. Ìfun kì í ṣe ṣaláńgá tí a ní láti máa gbọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dé

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ ronú kàn, kì í ṣe kápúsù. Ẹ ra ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti pò fún ìgbẹ́ gbuuru sínú ọ̀rá, kí ẹ sì pò ó mọ́ omi bí wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ṣíbí ìpotíì ṣúgà 6 tí kò lé àti ààbọ̀ ṣíbí ìpotíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ 1. Ọmọ tó ti pé oṣù 6 yóò tún lo síǹkì mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Ti ọmọ tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 10. Kí ọmọ máa mu ọmú lọ, kí ó sì máa jẹun.

Ìgbésẹ̀ keje: Ọmọ tuntun

Inú omi ọmú ni wọ́n ti pèsè oúnjẹ àwọn alábàágbé ọmọ sílẹ̀. Irú ṣúgà kan pọ̀ nínú rẹ̀ tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò lè dà. Àwọn Bifidobacterium inú ìfun rẹ̀ ni wọ́n dá a sí fún, àwọn wọ̀nyí sì ni kì í jẹ́ kí kòkòrò burúkú gbilẹ̀. Nítorí náà, wàrà àkọ́kọ́ tó pọ́n, tí àwọn ìyá kan ń fún dànù, ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu, kí ó sì mu ọmú nìkan fún oṣù 6, láìsí omi, láìsí àgbo, láìsí oyin. Ìyá ọkọ lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ẹ rọra ṣàlàyé fún wọn pé omi ló pọ̀ jù nínú ọmú. Bí wọ́n bá gba inú iṣẹ́ abẹ bí ọmọ, àwọn bakitéríà tó kọ́kọ́ bá a gbé máa ń yàtọ̀ sí ti ọmọ tó gba ojú ara wá, ọmú sì ń ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́.

Lórílẹ̀-èdè Índíà, wọ́n fún àwọn ọmọ tuntun Lactobacillus plantarum pẹ̀lú oúnjẹ rẹ̀ nínú ìwádìí tí ọmọ 4,556 kópa nínú rẹ̀, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Àwọn tí májèlé kòkòrò wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí tí wọ́n kú jẹ́ ìdá 5.4 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín àwọn tó gbà á, wọ́n sì jẹ́ ìdá 9 láàárín àwọn tí kò gbà á. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ṣebí kòkòrò inú ògì nìyẹn. Òun ni, ṣùgbọ́n irú kan tí wọ́n yàn, tí wọ́n sì ṣe ní mímọ́ pátápátá ni. Kì í ṣe omidùn. Ẹ má fún ọmọ tuntun ní omidùn.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹnu, awọ àti ojú ara

Ṣúgà tó ń dúró pẹ́ lẹ́nu ni Streptococcus mutans ń sọ di ásíìdì tó ń jẹ eyín. Orín àtà dára, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride dára, ẹ lè lo méjèèjì. Ọṣẹ lásán ti tó fún awọ. Kò sí ìdí láti máa da oògùn apakòkòrò olómi sínú omi ìwẹ̀ lójoojúmọ́ bí kò bá sí egbò. Ẹ̀yin obìnrin, àwọn Lactobacillus ló ń mú kí ojú ara kan díẹ̀ kí àrùn má bàa ráyè. Álọ́ọ̀mù, ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń tì bọ ibẹ̀ ń lé wọn lọ ni. Omi lásán ní ìta ti tó, inú ń fọ ara rẹ̀.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ sí ilé ìwòsàn

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹ bá ti ń ṣe èyí, ìgbẹ́ yóò máa rọ̀, yóò sì máa wá nírọ̀rùn, gáàsì yóò sì ti dín kù. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èèrí àti ewé wo ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ibà tó bá inú rírun rìn, ìgbẹ́ gbuuru tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, sísanra tó ń dín kù láìnídìí, tàbí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú tí kò sì tọ̀ mọ́. Ilé ìtọ́jú ìlera alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn, wọn yóò kọ ìwé fún yín sí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì. Ẹ mú ìwé ọjọ́ 7 yẹn dání, kí ẹ sì kó páálí gbogbo oògùn tí ẹ ti lò láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí ẹ rà ní ẹyọ méjì, kí dókítà lè rí wọn kó tó kọ òmíràn.